Ẹ Má Sọ Fún Wa Mọ́ Pé Kò Já Mọ́ Nǹkan

Ilé iṣẹ́ kan rọ táyà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó kó wọn jáde, wọ́n sì tà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹnì kan níbẹ̀ ṣàkíyèsí pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà kò bá táyà mu: ẹrù tí wọ́n kọ pé ó lè gbé ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é kọ́ ni wọ́n kọ, tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kò pé. Ní Amẹ́ríkà, òfin là á kalẹ̀ pé kí ilé iṣẹ́ náà fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, kí ó kọ̀wé sí àwọn tó ra táyà náà, kí ó sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kan náà tún fi àlàfo kan sílẹ̀ láti ọdún 1974. Láàárín 30 ọjọ́, ilé iṣẹ́ náà lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, pé àṣìṣe náà kò já mọ́ nǹkan ní ti ààbò. Bí àjọ náà bá gbà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ náà kò ní gba táyà kankan padà, kò sì ní kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ń ka Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, yóò rí i pé ẹ̀bẹ̀ yìí kì í tán. Àwọn ilé iṣẹ́ tí orúkọ wọn kárí ayé ló ń bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àjọ náà ń gbà, ṣùgbọ́n ó ń gba púpọ̀, àwíjàre kan náà ló sì máa ń gbé wọn ró: táyà ló ń gbé ọkọ̀, kì í ṣe ohun tí a kọ sí i lára. Bí rọ́bà bá dára, tí irin inú rẹ̀ bá lágbára, tó sì ti yege ìdánwò, kí ni lẹ́tà kan tó ṣì fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni? Èrò yìí ti gbilẹ̀ débi pé ó ti di ọgbọ́n gbogbo ayé. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà ní Washington, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu fọkanáísà ní Mushin, tí yóò fi àtàǹpàkò tẹ ojú táyà, tí yóò ní, “Ọ̀gá, ẹ má wo nọ́ńbà, ẹ wo bó ṣe nípọn.”

Mo ta kò ó. Ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ara táyà náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí irin inú rẹ̀ ṣe jẹ́ ara rẹ̀, ó sì tún ní ohun kan tí irin náà kò ní: òun nìkan ni ẹni tó ń lo táyà lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Kò sí awakọ̀ tó lè la táyà kí ó tó rà á. Bí a bá ní kí ó gba ìyókù gbọ́ láìrí i, a kò tún lè sọ fún un pé èyí tó rí, bó tilẹ̀ jẹ́ irọ́, kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ nu eruku kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta, DOT, àti ọ̀wọ́ lẹ́tà òun nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ṣáájú ń sọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, àwọn tó wà láàárín ń sọ ìwọ̀n àti irú rẹ̀, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sì ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 3519, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019 ni. Kí ó tó di ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ̀ fún ìgbà: 348 lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ 34 ọdún 1988, ó sì lè jẹ́ ti 1998. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni nọ́ńbà kan tí kò sí níbẹ̀ ń gbé pamọ́. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀kan yẹn kún un, ìdàrúdàpọ̀ náà tán. Àwọn tó kọ òfin náà mọ ohun tí nọ́ńbà kan lè ṣe.

DOT yẹn náà, tó dúró fún iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe rò pé ìjọba ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Láti ìgbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson ti fọwọ́ sí òfin ààbò ọkọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, ìjọba Amẹ́ríkà kì í yẹ táyà wò kí ó tó dé ọjà. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń dán ọjà rẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé ó bá òfin mu, DOT sì ni àmì ẹ̀rí tó jẹ́. Ìjọba lè ra díẹ̀ lọ́jà kí ó dán an wò, ṣùgbọ́n ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò lè kárí. Gbogbo ètò náà dúró lórí pé ilé iṣẹ́ yóò sọ òótọ́ nípa ohun tó tà, ẹ̀gbẹ́ táyà sì ni ibi tó ti ń sọ ọ́. Nígbà tí ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe òfin bá wá sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun kò já mọ́ nǹkan, kí ló kù tí a lè dì mú?

Ẹ jẹ́ ká wo bí àṣìṣe ṣe ń wọlé. Inú mólúdì ni wọ́n ti ń rọ táyà, pẹpẹ irin kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń tẹ ọ̀sẹ̀ àti ọdún sára rọ́bà. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń yọ ọ́, tó ń fi òmíràn sí i. Bó bá gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí tó gbé e sódì, gbogbo táyà tó bá jáde nínú mólúdì náà yóò máa gbé irọ́ rìn. Mo mọ̀ pé ènìyàn ni òṣìṣẹ́, ènìyàn a sì máa ṣì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òṣìṣẹ́ yẹn, alábòójútó wà, ẹni tó ń yẹ táyà wò kí ó tó kúrò ní ilé iṣẹ́ wà, ẹni tó ń kó o sínú ọkọ̀ wà. Bí gbogbo wọn bá wo ohun tó hàn gbangba lójú táyà tí wọn kò rí i, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí n gbà pé wọ́n rí ohun tó fara pamọ́ sí inú rẹ̀?

Ìtàn Firestone ló yẹ kí ó ti parí àríyànjiyàn yìí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2000, Bridgestone/Firestone kéde pé òun ń gba táyà padà. Mílíọ̀nù 14.4 ni wọ́n ti ṣe lára irú rẹ̀, wọ́n sì fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.5 ló ṣì wà lójú pópó. Bí ọkọ̀ bá ń sáré nínú ooru, ojú táyà náà á ṣí kúrò lára ìgbànú irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ford Explorer ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà á sì takìtì. Àwọn tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n kú ju 200 lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná, Texas, Florida, Arizona, California, ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Kó tó di pé wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà, Ford ti ń pààrọ̀ táyà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Saudi Arabia, níbi tí oòrùn kò ti ń dáwọ́ dúró. Kí àwa tí à ń gbé nínú ooru yìí fetí sí i dáadáa.

Nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà lọ́jọ́ náà ni Wilderness AT wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n rọ ní Decatur, ní ìpínlẹ̀ Illinois, nìkan ni. Báwo ni ìyá tó ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ní Houston ṣe fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti rọ táyà rẹ̀? Lẹ́tà méjì ni yóò wò lẹ́yìn DOT: VD. Bó bá rí VD, kí ó sá fún táyà yẹn. Bí kò bá rí i, kí ó máa lọ. Àwọ̀ táyà kò yàtọ̀, orúkọ rẹ̀ kò yàtọ̀, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀. Lẹ́tà méjì yìí ni ààlà tó wà láàárín ẹ̀mí àti ikú. Ìyà mìíràn tún wà ńbẹ̀: lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú lọ́hùn-ún, lábẹ́ ọkọ̀, ni ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà náà wà kọjú sí, tí àwọn èèyàn fi ní láti rá wọlé lọ wò ó. Ìdààmú yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi àtúnṣe ohun tí à ń kọ sára táyà sínú òfin TREAD, tí wọ́n ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000 kan náà. Láti ibẹ̀ ni ìlànà ti wá jáde pé kí nọ́ńbà tó pé wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta. Òkú èèyàn ló kọ́ wọn. Nígbà tí àjọ kan náà bá wá gba ẹ̀bẹ̀ pé kí a fojú fo àṣìṣe inú irú àkọlé yìí, mo fẹ́ kí ó sọ fún mi ohun tí àwọn òkú yẹn kú fún.

Wọ́n á ní ìyẹn ti pẹ́. Kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, nítòsí Lake City ní Florida, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣí lójú eré, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Èèyàn méjì kú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà náà ti kéde ṣáájú pé kí wọ́n dá irú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìkéde náà kò dé etí àwọn tó ń lo ọkọ̀ náà. Okùn kan ṣoṣo ló so ìkéde bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni. Okùn náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi orúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ra táyà. Bí nọ́ńbà bá tún ṣì, okùn já pátá. Táyà tó ṣì lórúkọ lónìí lè dára lónìí. Bí wọ́n bá rí àléébù nínú irú rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i ńkọ́? Ta ni yóò rí i pè padà, pẹ̀lú orúkọ wo? Àjọ tó ń dá irú ẹjọ́ yìí ń wo táyà bó ṣe rí lọ́jọ́ ìdájọ́, ó ń gbàgbé pé nítorí ọjọ́ iwájú ni a ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ.

Ti ọjọ́ orí táyà ló wá dùn mí jù, nítorí pé níbẹ̀ ni èrò tó gbòde yìí ti ń pa wá. Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ń wọ inú rẹ̀, ooru ń mú kí ó yára, ohun tó so rọ́bà mọ́ irin á máa le, á máa gbẹ, títí tí yóò fi jáwọ́. Ojú lásán kò lè rí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti ibi àjọ̀dún orin kúrò lójú ọ̀nà ní Hindhead, ní Surrey, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Táyà iwájú ló bẹ́. Èèyàn mẹ́ta kú. Nígbà tí wọ́n ka nọ́ńbà ara táyà náà, wọ́n rí i pé ó ti lé lọ́dún 19, ó dàgbà ju ọkọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ. Ojú táyà náà kò tíì jẹ. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yóò ní ó dára. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn tó kú kò dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ìjọba Britain fi ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2021: táyà tó bá ti ju ọdún 10 lọ kò gbọdọ̀ sí lẹ́sẹ̀ iwájú bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù mọ́. Òfin náà tún sọ ohun kan tó yẹ kí àwọn tó ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ ní Amẹ́ríkà kà lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà tí wọ́n ṣe táyà gbọdọ̀ ṣeé kà lára rẹ̀. Bí kò bá ṣeé kà, ọ̀ràn ni, bí rọ́bà rẹ̀ tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Àwa ní Nàìjíríà kò nílò kí òyìnbó kọ́ wa ní èyí, nítorí pé a ti kọ́ ọ lórí oògùn. Nígbà tí Dora Akunyili gba ipò olórí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, lọ́dún 2001, ó kọ́ gbogbo ilé pé kí wọ́n yí páálí oògùn wò kí wọ́n tó san owó: nọ́ńbà NAFDAC dà, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ dà? Ìyá àgbà tí kò lọ ilé ìwé á ní kí ọmọ-ọmọ ka nọ́ńbà náà fún òun. Lónìí, bí ilé iṣẹ́ oògùn kan bá jáde wá sọ pé ọjọ́ tí òun kọ sára páálí kò tọ̀nà, àmọ́ kí a má fòyà, oògùn inú rẹ̀ dára, kò sí ọjà tí yóò gbé e. Ó yẹ kí a máa wo táyà lójú kan náà, nítorí pé oògùn tó ti bàjẹ́ lè pa ẹni tó lò ó, táyà tó ti gbó lè pa èèyàn méjìdínlógún nínú danfo kan.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwíjàre pé táyà ti yege ìdánwò ti ń ṣubú lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ìdánwò ìfaradà tí ìlànà Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún táyà ọkọ̀ kékeré, táyà yóò sáré fún wákàtí 34 ní kìlómítà 120 ní wákàtí kan, ẹrù yóò sì máa wúwo sí i lórí rẹ̀: ìdá 85, ìdá 90, títí dé ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 100 kí ni? Ti ẹrù tó pọ̀ jù tí ilé iṣẹ́ sọ pé ó lè gbé, èyí tí ó gbọdọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé táyà yege, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó yege lábẹ́ ẹrù kan pàtó. Bí wọ́n bá wá kọ ẹrù mìíràn sí i lára, ìyege yẹn kì í ṣe ti táyà tí mo rà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nọ́ńbà 91 lára táyà túmọ̀ sí kìlógíráàmù 615. Nọ́ńbà 95 túmọ̀ sí 690. Ká ní wọ́n ṣì í, wọ́n tẹ 95 sára táyà 91: ìyàtọ̀ 75 lórí ẹsẹ̀ kan, 300 lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà nìyẹn. Awakọ̀ tó gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́, tó sì di ẹrù rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ní kí ó dì í dé, ti fi àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà lé ọkọ̀ rẹ̀ lórí ju agbára táyà lọ, kò sì rú òfin kankan. Ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní aago méjì ọ̀sán, ta ló fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ yẹn?

Àkọlé iye ìpele aṣọ àti irin tó wà nínú táyà wà lára ohun tí àjọ náà máa ń fojú fò. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í ti ara iye ìpele ra táyà. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ kì í kà á. Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí wọ́n kọ ọ́ nítorí ẹni tí kì í kà á. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ nítorí ẹni tó ń kà á, ìbáà ṣe ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àìkàwé ọ̀pọ̀ èèyàn bá lè sọ àkọlé di asán, a ó pa gbogbo àkọlé inú ayé rẹ́.

Ta ni ó ń kà á, gan-an? Nígbà tí àjọ náà bá gbé ẹ̀bẹ̀ jáde, ó máa ń fún aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ nìkan ló ń rojọ́, òun nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Oníbàárà tí wọ́n ní lọ́kàn ni ẹni tó ra táyà tuntun ní ṣọ́ọ̀bù mímọ́ ní Ohio, tí ẹni tó tà á mọ̀ ọ́n, tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wà nílé. Ṣùgbọ́n táyà kì í kú sí ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ó ń kọjá sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ó ń wọ kọ̀ǹténà, ó ń sọdá òkun. Nígbà tó bá dé ibùdó tuntun rẹ̀, ìwé kankan kò bá a wá, ẹni tó tà á kò mọ ẹni tó lò ó rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó lè sọ̀rọ̀.

A mọ ibùdó yẹn dáadáa. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, Dunlop ní Ìkẹjà kò sì pẹ́ kí òun náà tó dáwọ́ rírọ táyà dúró. Láti ìgbà náà, táyà tí à ń lò ń ti òkè òkun wá. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ka táyà àlòkù mọ́ ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, yàtọ̀ sí àwọn ńláńlá ti ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fẹ́ fi rọ́bà tuntun bò. Òfin wà, táyà tòkunbọ̀ sì kún ẹ̀bá títì láti Sèmè dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn oníjìbìtì mìíràn ń ki táyà mẹ́rin, márùn-ún, bọ inú ara wọn kí kọ̀ǹténà lè gba púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé SON, àjọ tó ń mójú tó ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ léraléra pé irú ìkìbọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ́ irin inú táyà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dárúkọ eré àsápajúdé, wọ́n sì dárúkọ táyà tó bẹ́. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí mínísítà, ẹ ro ti ẹni tó wà lẹ́yìn danfo.

Ohun kan tún wà nínú àwọn ìdájọ́ yẹn tó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tí àjọ náà bá gba ẹ̀bẹ̀, ó máa ń là á yé ilé iṣẹ́ pé àwọn táyà tó ti kúrò lábẹ́ àkóso rẹ̀ nígbà tó mọ̀ nípa àṣìṣe náà nìkan ni ìdásílẹ̀ bò. Èyí tó ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, kò gbọdọ̀ tà á bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́: táyà tó wà níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára ni òfin dì mú. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, tí èèyàn wà nínú rẹ̀, ni wọ́n sọ pé kò já mọ́ nǹkan.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn alátakò máa sọ, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí pé gbogbo wọn kọ́ ni kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n á ní láti kó táyà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún padà nítorí lẹ́tà kan, kí a gé wọn wẹ́wẹ́ nígbà tí kò sí ohun tó ṣe rọ́bà wọn, ìfiṣòfò ni. Òótọ́ ni. N kò sọ pé kí wọ́n gé táyà kankan. Nǹkan méjì ni òfin Amẹ́ríkà dì pọ̀ sójú kan: kí wọ́n sọ fún ẹni tó rà á, àti kí wọ́n tún un ṣe fún un. Bí ìdásílẹ̀ bá dé, méjèèjì ló ń lọ pa pọ̀. Ìdì yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n tú. Bí àṣìṣe náà bá kéré, kí wọ́n dá owó àtúnṣe sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ lẹ́tà: “Táyà yín tí a kọ 95 sí, 91 ni. Ẹ má dì í ju báyìí lọ.” Lẹ́tà kan kò ju owó sítáǹbù lọ. Ilé iṣẹ́ tó ní owó láti san fún lọ́yà tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní owó sítáǹbù.

Àwọn mìíràn á ní bí lẹ́tà bá pọ̀ jù, àwọn èèyàn kò ní kà á mọ́, èyí tó ṣe pàtàkì á sì bọ́ sínú èyí tí kò ṣe pàtàkì. Àríyànjiyàn yìí gbà pé aráàlú jẹ́ ọmọdé tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹni tó ń san owó ọkọ̀, owó epo, owó adójútòfò, mọ bí a ṣe ń ka lẹ́tà tó kan ẹ̀mí rẹ̀.

Nílé wa níbí, èyí tí wọ́n á fi ta kò mí ni pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀nà wa kún fún kòtò, awakọ̀ ń mu ọtí, bíréèkì kò mú, èmi ń sọ̀rọ̀ nọ́ńbà ara táyà. Ṣé táyà tó bẹ́ ni làpálàpá? Kòtò ń gbá táyà, ooru ń sun ún, ẹrù ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀nà bá burú, ìgbà yẹn gan-an ni kò yẹ kí táyà tún parọ́. Awakọ̀ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí kòtò ọ̀nà márosẹ̀. Ó lè ka nọ́ńbà mẹ́rin, bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ òótọ́.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ inú Federal Register wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ táyà wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, iye rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣíwọ́. Kí SON yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa kà á, kí ó sì máa kéde rẹ̀ fún àwọn tó ń ta táyà ní ọjà Ládípọ̀ àti ní gbogbo ọjà mìíràn, lédè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Kí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọkanáísà bí a ṣe ń ka ọ̀sẹ̀ àti ọdún, nítorí pé ọwọ́ wọn ni táyà gbogbo ìlú ń gbà kọjá. Kí SON sì kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀, bí Britain ti ṣe, pé táyà tí a kò bá lè ka ìgbà tí wọ́n ṣe é, tàbí tí ohun tí wọ́n kọ sí i kò bá a mu, kò gbọdọ̀ kúrò ní èbúté Àpápá, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà sì ti gba ìdásílẹ̀ ní Washington.